Omi Kòtò Tó Mọ́ Gaara

Ní ilé wa, ìyàwó tó bá wọlé kẹ́yìn ló ń wọ omi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe bá a. Tí wọ́n bá ti hú gbágùúdá, èyí tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní pákí, gbogbo obìnrin ilé á rù ú lọ sí etí odò. Àwọn àgbà á jókòó sórí àpáta, wọ́n á máa bẹ ẹ́, wọ́n á máa fi ọkọ ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó kékeré ni yóò ká ìró rẹ̀ sókè, tí yóò wọ inú omi lọ, tí yóò ri àpò gbágùúdá mọ́lẹ̀, tí yóò sì gbé òkúta lé e kí omi má baà gbé e lọ. Tó bá rọ̀ tán, òun náà ni yóò tún wọlé lọ gbé e. Yóò dúró sínú omi, yóò fọ̀ ọ́, yóò yọ okùn inú rẹ̀, yóò sẹ́ ẹ, títí yóò fi di fùfú.

Iṣẹ́ náà ní òpin. Ọjọ́ tí ìyàwó bá ti lóyún ni wọ́n á ní kó jáde, kó wá jókòó sórí àpáta pẹ̀lú àwọn àgbà. Wọn kì í pè é ní ìyà. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ìyàwó tètè ṣe ohun tó bá wá sílé ọkọ. Ìyá mi ò pẹ́ nínú omi rárá, nítorí tèmi. Ó máa ń fi yangàn níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ò tíì tutù tán tí èyí fi dé," á wí bẹ́ẹ̀, á sì fi ẹnu tọ́ka sí mi.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Iléṣà, lápá ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Kòkó àti obì ni bàbá mi fi tọ́ wa. Èmi obìnrin ni àkọ́bí. Mo kàwé díẹ̀, mo ríṣẹ́ ìjọba sí Òṣogbo, mo sì kọ́ ilé sí Ọ̀fàtẹ̀dó nítòsí ibẹ̀ nígbà tí a ṣì ń bẹ àwọn ọlọ́kadà kí wọ́n tó gbà láti gbé wa débẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló dúró ti oko. Nígbà tí bàbá wa kú, òun àti ìyá wa ló kù nílé. Bí owó oṣù bá wọlé, mo máa ń lọ kí wọn, n ó ra búrẹ́dì àti ẹja tútù dání, wọ́n á sì di ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi bọ̀.

Odò wa ò tóbi. Ẹni tó bá ga lè fò ó kọjá lẹ́ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ó ń ṣàn, ó sì tutù, nítorí igi kòkó bò ó lórí, oòrùn ò rí ibi wọ̀ ọ́ lára.

Àwọn awakùsà wá dé. Mi ò ní sọ̀rọ̀ wọn láìdáa ju bó ṣe yẹ lọ. Wọn ò fi ìbọn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwa la fún wọn. Kòkó ti gbó, èso rẹ̀ ń dúdú lórí igi, àwọn ọmọ ò sì fẹ́ ṣe oko mọ́. Àbúrò mi náà fún wọn ní apá etí odò. Kò bi mí léèrè, mi ò sì bínú. Ẹni tó ń gbé oko ló mọ ohun tí ebi oko ń wí.

Wọ́n gé kòkó, wọ́n gé obì, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí tó fi dà bí ẹnu àgbà tí eyín rẹ̀ ti ká. Inú odò ni wọ́n ti ń fọ erùpẹ̀, odò sì pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń fi apẹ̀rẹ̀ kó ní kékeré kú, wọ́n léfòó. Àwọn ènìyàn ní kẹ́míkà ló pa wọ́n. Ó lè jẹ́ kẹ́míkà, ó sì lè jẹ́ ẹrẹ̀ lásán ló dí wọn nímú. Mi ò mọ̀, mi ò sì rí ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí góòlù tán, wọ́n kẹ́rù, wọ́n lọ síbòmíràn, wọ́n fi kòtò sílẹ̀ fún wa. Òjò rọ̀, kòtò kún.

Ẹni tí kò mọ ìyá mi lè pe ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ní ìwà òmùgọ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀ o. Kò sí ẹni tó ní ìmọ́tótó bíi tirẹ̀ ní gbogbo abúlé yẹn. Bí irun kan ṣoṣo bá já bọ́ sínú fùfú rẹ̀, á gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀. Odò tó pọ́n yẹn wá ń sọ fùfú di pupa rúsúrúsú, àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí í yínmú. Ló bá rìn yí gbogbo kòtò ká, ó ń wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ ra ilé. Èyí tó tóbi jù nínú wọn wà lẹ́yìn ilé wa gan-an. Omi rẹ̀ ti tòrò. Ó mọ́ gaara, èèyàn lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Oṣíbàtà ti tẹ́ ewé sójú rẹ̀, ìgbín omi kéékèèké sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé náà, wọn ò tóbi ju èékánná ìka ọwọ́ lọ.

Ìyá mi mú mi lọ wò ó. "Ṣé o rí i?" ó bi mí. "Odò yẹn ti pa ẹja. Èyí, nǹkan ẹlẹ́mìí ń gbé inú rẹ̀, ó tún ń bímọ síbẹ̀. Omi tó bá máa pa èèyàn, ṣé ìgbín á lè gbé inú ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Mo já ewé kan, mo yí i padà, mo wo àwọn ìgbín náà dáadáa. Wọ́n dùn ún wò.

Bí wọ́n ṣe gbé gbágùúdá rírẹ lọ síbẹ̀ nìyẹn. Àwọn obìnrin tó kù tẹ̀ lé ìyá mi, nítorí ẹni tí fùfú rẹ̀ bá funfun jù ni wọ́n máa ń wò ṣe. Fùfú sì tún padà funfun báláú.

Lẹ́yìn èyí ni àbúrò mi gbéyàwó. Apá Ẹ̀sà-Òkè ni ọmọbìnrin náà ti wá, ẹlẹ́rìn-ín ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá níbi iṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, kò lè pe àwa tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Kíá ló sọ gbogbo wa lórúkọ tuntun. Èmi ni "Akọ̀wé mi", nítorí iṣẹ́ ìjọba. Ewúrẹ́ tó bá nínú ọgbà gan-an, ó fún un ní orúkọ àpọ́nlé, ó ní òun náà ti wà nílé ṣáájú òun. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Ó wọ omi, ó sì wọ̀ ọ́ tọkàntọkàn. Á dúró sínú kòtò dé itan, á máa fọ gbágùúdá, á máa dá orin, àwọn tó jókòó sétí kòtò á máa gbè é. Lẹ́ẹ̀rùn, kì í fẹ́ tètè jáde. Ìyá mi á ní, "Ìyàwó mi ti di ẹja."

Ọdún kan lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Kò lóyún, nítorí náà kò jáde nínú omi. Orin rẹ̀ dínkù. Ìyá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí àwọn ìyá ọkọ ṣe máa ń sọ ọ́, láìdojú kọ ẹnikẹ́ni. Á máa lé adìyẹ káàkiri àgbàlá, á ní, "Ìwọ tí o ò yé, tí o ò pa, o kàn ń jẹ àgbàdo mi lásán!" Adìyẹ ò ní ìṣòro kankan. Ẹni tó ń bá wí wà ní ìdí ààrò, ó ń gbọ́.

Wọ́n mú un gun òkè àdúrà. Wọ́n fún un ní àgbo mu títí ikùn rẹ̀ fi ń kùn. Àbúrò mi ní òun ò fẹ́ ìyàwó kejì, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. Ìyá mi ò bá a jà. Ó kàn pè mí lórí fóònù, ó ní ṣé mo lè jẹ́ kí ìyàwó wá sinmi lọ́dọ̀ mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó fúngbà díẹ̀.

Mo mọ ohun tí ìsinmi jẹ́ nílé wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi lọ sinmi. Ẹrù rẹ̀ ló tẹ̀ lé e lẹ́yìn, a ò sì fojú kàn án mọ́. Ìyàwó àbúrò mi náà mọ̀ ọ́n. Báàgì kan ló gbé wá. Ó ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà títí tó fi jókòó, àmọ́ kò tú báàgì náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí iná ní àdúgbò wa, omi ò sì gòkè wọ táǹkì. Korobá la fi ń da omi sí ilé ìgbẹ́. Ó wọlé lọ tọ̀ láàárọ̀, ó da ìwọ̀nba omi sí i, nítorí ó rí i pé omi ṣọ̀wọ́n. Èmi ni mo wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ìtọ̀ tó kù nínú àwo ìgbẹ́ funfun náà pọ́n bíi sóbò tí wọ́n fi ìṣápá sè. Ní abúlé, ihò dúdú ni ṣáláńgá, ta ni yóò wo ohun tó ń bọ́ síbẹ̀?

Mo bá a níbi tó ti ń gbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Ìyàwó, ṣé nǹkan oṣù rẹ lo ń ṣe ni?"

"Rárá o, Akọ̀wé mi."

"Kí wá ni mo rí nínú ilé ìgbẹ́?"

Ó da ojú bolẹ̀. "Ẹ má bínú, omi ni mi ò dà tó."

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ omi? Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí."

"Áà, ẹ̀jẹ̀ náà ni," ó wí, bí ẹni pé mo bi í bóyá ó ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. "Àpò gbágùúdá tó wúwo ló ń fà á. Gbogbo àwa ìyàwó kékeré abúlé tí à ń wọ omi ló ń tọ̀ ọ́. Bí èèyàn bá sinmi, á lọ."

Mo ní kó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń wọ kòtò tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ṣeré láàárín ara wọn, wọ́n ní owó orí kòtò làwọn ń san. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn obìnrin ń tọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi ń dápàárá, kò sì sí ẹni tó sọ fún ọkọ tàbí ìyá ọkọ, nítorí ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀lẹ nílé ọkọ?

Ohun tí èmi kọ́kọ́ rò kò dára. Mo rò pé àbúrò mi ló lọ kó àrùn bá a láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé àwọn awakùsà wá. Inú bí mi débi pé mo ti to gbogbo èébú tí n ó bú u sílẹ̀. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo sì mú ìyàwó lọ sí ọsibítù.

Dókítà tó rí wa kéré lọ́jọ́ orí, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún. Ó ka èsì àyẹ̀wò tán, ó gbójú sókè.

"Mà, níbo ni wọ́n ti ń lo omi?"

Mo ní ìtọ̀ la gbé wá fún un, kí ló kan omi. Ó rọra rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà dá òun lóhùn. Ìyàwó ló dá a lóhùn, ó sọ nípa kòtò. Dókítà mi orí, ó dárúkọ àrùn náà, ó wá ṣàlàyé. Ó ní kòkòrò ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan tó ní i lára, tí a ò sì mọ̀, ló tọ̀ sínú omi tàbí létí omi. Ẹyin kòkòrò náà pa síbẹ̀, ó wá ìgbín rí, ó wọ inú rẹ̀, ó dàgbà níbẹ̀, ó tún jáde sínú omi, ó ń wá èèyàn. Bí ẹsẹ̀ bá ti wọ omi, awọ ara ló ń gbà wọlé. Kò dìgbà téèyàn bá mu omi ọ̀hún.

"Bí omi bá ń ṣàn, tí igi sì ṣíji bò ó ńkọ́?" mo bi í.

"Ìgbín yẹn ò fẹ́ràn ibi tómi ti ń sáré, mà, kò sì fẹ́ràn òkùnkùn. Ibi tómi bá dákẹ́ sí, tí oòrùn ń tàn sí i, tí koríko hù nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbé. Tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n bá sé odò mọ́ la ti máa ń rí irú èyí. Ní báyìí, a ti ń rí i lára àwọn tó ń gbé nítòsí kòtò kùsà."

Mo jókòó, mo ń gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń to ara rẹ̀ lọ́kàn mi. A jẹ́ kí wọ́n gé kòkó, òjìji lọ. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, omi dúró. Oòrùn wọlé, koríko hù, ìgbín dé. Kò sí ẹni tó di àrùn yẹn lẹ́rù wá bá wa láti ìlú mìíràn kí a lè bá a jà. Àwa la kọ́ ilé fún un, òun náà sì kó wọ̀ ọ́.

Ìyàwó wá béèrè, ohùn rẹ̀ kéré, "Dókítà, ṣé òun ni kò jẹ́ kí n bímọ?"

"Ó lè jẹ́ òun," dókítà wí. "Kì í dúró sí ibi tí ìtọ̀ ń gbà nìkan. Ó máa ń dá ọgbẹ́ sí ilé ọmọ àti ojú ọ̀nà rẹ̀. Oògùn tí mo fẹ́ fún yín á pa kòkòrò. Ọgbẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀, mi ò lè ṣèlérí lórí ìyẹn. Àmọ́ ọmọdé ṣì ni yín, ìrètí wà. Ẹ ṣáà má padà sínú omi yẹn. Bí ẹ bá tún wọ̀ ọ́, ẹ máa kó òmíràn ni."

Ó bú sẹ́kún. Mo fà á jáde, mo ń pẹ̀tù sí i nínú, mo ní kó má sọ̀rètí nù. Ó fi eteetí ìró nu ojú, ó ní kì í ṣe ìyẹn.

"Akọ̀wé mi, ohun tó ń ṣe mí lórúkọ," ó wí. "Láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé èmi ni."

Oògùn náà le. Ó kó o mì tán, ó bì, ó sùn sórí àga mi di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó jí, ó tú báàgì rẹ̀, ó wá aṣọ mìíràn wọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, mo gun ọ̀kadà dé abúlé. Ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àbúrò mi ń pọ́n àdá nítòsí. Mo ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìgbé ohùn sókè, bí a ṣe ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá níbi iṣẹ́.

"Ìgbín!" ìyá mi wí, ó pàtẹ́wọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé ti bà ọ́ lórí jẹ́. Ìgbín tí kò lè sá fún ọmọ tó ń rá kòrò, òun ló wá ń dí obìnrin nínú?"

"Kòkòrò inú ìgbín ni, Màmá."

"Omi ò lọ́tàá. Èmi náà wọ omi, mo sì bí ọ. Ìyá bàbá rẹ wọ̀ ọ́, ó bí bàbá rẹ. Kí ló dé tí tirẹ̀ fi yàtọ̀?"

"Odò lẹ̀yin wọ̀. Òun, kòtò ló ń wọ̀."

"Omi kòtò mọ́ ju ti odò lọ! Ṣé kò ṣojú rẹ ni?"

Ibẹ̀ ni sùúrù mi ti tán.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi o. Ẹ ní kò gbọdọ̀ jáde nínú omi àfi tó bá lóyún. Omi ọ̀hún náà ni kò jẹ́ kó lóyún. Níbo lẹ fẹ́ kó gbà jáde?"

Àbúrò mi dáwọ́ àdá pípọ́n dúró. Ẹ̀wà ń bọ́ láti ọwọ́ ìyá mi sílẹ̀, kò sì ṣà á.

"Gbogbo ọdún yẹn?" ó wí.

"Gbogbo ọdún yẹn."

Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Mo rò pé ó bínú. Èmi náà ń bínú, mi ò dúró jẹun. Àbúrò mi sìn mí dé ìdí ọ̀kadà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àǹtí, ṣé kí n wá mú un?"

"Ìyàwó ta ni?" mo bi í. "Ìyàwó mi ni? Àmọ́ gbọ́ mi dáadáa. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tún kan omi yẹn, èmi fúnra mi ni n ó wá kó ẹrù rẹ̀, ẹ ò sì ní rí i mọ́."

Ó wá mú un. Ó ní Màmá ló rán òun, pé kí òun má padà wálé láìmú un dání. Mi ò mọ ohun tí n ó rò sí i, mo kàn di ẹrù fún wọn.

Àwọn nọ́ọ̀sì wá sí abúlé lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fún àwọn obìnrin tó kù ní oògùn, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn. Ìkìlọ̀ dára, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń rẹ gbágùúdá. Kòkó ti lọ, fùfú ni ilé wa ń tà jẹ. Kànga ilé wa ń gbẹ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀rọ omi tí àwọn olóṣèlú gbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà abúlé ò mú omi wá ju ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lọ. Odò ṣì pọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n bá gbé omi kòtò sínú dúrọ́ọ̀mù, tí wọ́n bò ó, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi méjì, kòkòrò inú rẹ̀ á kú, wọ́n lè wá rẹ gbágùúdá sí i. Mo ra dúrọ́ọ̀mù fún wọn, mo ra bàtà òjò. Bàtà ò wúlò. Etí kòtò ń ya lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹni tó bá máa pọn omi gbọ́dọ̀ wọlé kọjá koríko, omi ibẹ̀ sì ga ju ọrùn bàtà lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi tó nígbà náà. Mo ṣáà mọ̀ pé mo ti ra dúrọ́ọ̀mù, mo sì ti sọ tèmi.

Oṣù yí po, mo tún lọ. Mi ò bá ẹnì kankan nílé. Mo gbọ́ ariwo ẹ̀rín lẹ́yìnkùlé, mo gba ibẹ̀ lọ.

Àwọn obìnrin abúlé dúró sétí kòtò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe, "Ìyàwó tuntun! Ìyàwó tuntun o! Ẹ kú ewu ọ̀nà!" Nínú omi, ìyá mi ló dúró. Ó ti so ìró rẹ̀ mọ́ àyà, omi dé itan rẹ̀, ó ń fi korobá bu omi láàárín oṣíbàtà. Ìyàwó àbúrò mi dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Nígbà tó rí mi, ó sáré wá.

"Akọ̀wé mi, ẹ bá mi bẹ Màmá! Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni. Wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn. Àwọn nìkan ló ń wọ̀ ọ́."

Mo ké sí i. "Màmá! Ẹ jáde níbẹ̀! Ẹ mọ ohun tó wà nínú omi yẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n," ìyá mi wí. "Ìwọ náà lo sọ fún mi."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀?"

Ó bu omi kún korobá, ó rọra fà á rìn wá sí etí kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀.

"Ẹnì kan á ṣáà wọ̀ ọ́," ó wí. "Èmi ti bí tèmi tán. Ó kù kó bí tirẹ̀. Gba korobá."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.